Wọ́n ní ilé-ọmọ mi ya ìwo méjì, oyún kejì sì ti bọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó là mí

ArẹwàTélọ̀_Tákìé | Ọjọ́ Àìkú, 9:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá kọjá ohun tí mo lè dá gbé.

Ọmọ ọdún 29 ni mí, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó di ọdún mẹ́rin tí mo ti wọlé ọkọ. Oyún àkọ́kọ́ bọ́ nígbà tó pé oṣù mẹ́rin. Wọ́n ní kí n mú sùúrù, pé ó ń ṣe obìnrin gbogbo bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Èkejì pé ọ̀sẹ̀ 22. Ọlẹ̀ ti sọ. Bí mo bá jókòó sídìí máṣíìnì tí mo ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, òun náà á máa ta ẹsẹ̀ nínú. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo ń gé aṣọ ẹbí tí oníbàárà kan kó wá, mo kàn rí i pé abẹ́ mi wúwo. Inú kò run mí, ẹ̀yìn kò dùn mí. Mo dìde pé kí n lọ tọ̀, omi bá tú. Kí ọkọ mi tó wá ọ̀kadà dé, ó ti parí. Ọkùnrin ni.

Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ ohun kan náà: omi ló dànù, agbè kò fọ́. Mo ń ṣe àmín. Lóṣù tó kọjá ni ilé-ìwòsàn aládàáni kan wá ní kí n ṣe HSG, èyí tí wọ́n ń fi oògùn sínú ilé-ọmọ láti ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó ya èkísíréè rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé tó jáde ni "bicornuate uterus". Dókítà ibẹ̀ ní ilé-ọmọ mi ya ìwo méjì bí orí màlúù, pé wọ́n á la ikùn mi, wọ́n á sì rán méjèèjì pọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi sọ ọ́. Ó ní kí n lọ wá owó.

Nílé, ìyá ọkọ mi ní abíkú ni, pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀. Ọkọ mi kì í sọ nǹkan kan. Èmi náà ń rò ó lóru pé bóyá oògùn tí mo máa ń lò nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí nǹkan oṣù bá ń dùn mí ló bà á jẹ́. Agbè tí wọ́n ní kò fọ́ yìí, ṣé kì í ṣe ara òun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ rí, kó bá mi sọ̀rọ̀.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìlọrin | 9:58 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Ẹ kú ìrọ́jú. Mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ka tiyín, omi sì bọ́ lójú mi. Ọlọ́run á dá yín lóhùn.

---

Nọ́ọ̀sìAgbẹ̀bí_Sábó | 10:31 alẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ọdún 19 ni mo ti ń gbẹ̀bí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù kan kalẹ̀ lórí rẹ: oògùn inú rírun kọ́ ló fà á. Iṣẹ́ máṣíìnì kọ́, ohun tí o jẹ kọ́. Kí ìyá rẹ tó bí ọ ni ilé-ọmọ rẹ ti rí bó ṣe rí.

Nígbà tí ọmọbìnrin bá ṣì wà nínú ìyá rẹ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló kọ́kọ́ ń yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Wọ́n á máa sún mọ́ ara wọn. Bó bá fi máa di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, ìsàlẹ̀ wọn á ti lẹ̀ mọ́ra, òun ló ń di ilé-ọmọ. Òkè wọn tí kò lẹ̀ ló ń di ojú ọ̀nà méjì tí ẹyin ń gbà wá. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra á kọ́kọ́ ní ogiri láàárín, ogiri náà á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 20, inú á sì di yàrá kan ṣoṣo.

Ibi tí iṣẹ́ náà bá ti dúró ni ìyàtọ̀ ti ń wá. Bí ọ̀pá méjèèjì kò bá pàdé rárá, obìnrin náà á ní ilé-ọmọ méjì, ẹlòmíràn tiẹ̀ ní ọrùn ilé-ọmọ méjì. Bí ìsàlẹ̀ bá pàdé tí òkè kò pàdé, oníwo méjì nìyẹn, bicornuate tí wọ́n kọ sórí ìwé rẹ. Bí wọ́n bá pàdé tán tí ogiri àárín kò yọ́, wọ́n ń pe ìyẹn ní septate. Bí ọ̀pá kan kò bá dàgbà, ìdajì ilé-ọmọ ni yóò ní. Ilé ẹyin kò sí lára iṣẹ́ yìí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí òun ti ń hù, ìdí nìyẹn tí nǹkan oṣù rẹ fi ń wá déédéé tí o sì ń lóyún wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ agbè tí o sọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà tí mo ti kà á. Agbè tó so sáàárín òkúta méjì, bí òkúta bá ṣe fún un láyè ló ṣe máa rí. Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ.

Ìwọ nìkan kọ́ o. Nínú 100 obìnrin, bíi márùn-ún sí mẹ́fà ló ní ìyàtọ̀ kan tàbí òmíràn nínú ìrísí ilé-ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ń bímọ láìmọ̀ pé nǹkan kan wà. Nínú àwọn tí oyún ti bọ́ lára wọn, ó ń tó 13 nínú 100.

Ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti wo kíndìnrín rẹ? Tòun ti àwọn ọ̀pá yìí ló jọ ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àwọn tó ní ìdajì ilé-ọmọ, bíi 40 nínú 100 ni ọ̀rọ̀ náà kan kíndìnrín wọn, ẹlòmíràn ò ní ju kíndìnrín kan lọ. Síkáànù lásán á fi hàn.

---

ÌyáÀgbà_Ìsàlẹ̀Afọ́n | Ọjọ́ Ajé, 6:15 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú ewu, o kú ìrọ́jú. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo lóyún wọn pé, márùn-ún ló kù sílẹ̀. Mo bí méjì nínú wọn ní ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi tó ti wà nílùú wa láti 1907, èyí tó ti di ti Bowen báyìí. Nígbà tiwa, bí ọmọ bá ń lọ, wọ́n á sọ èyí tó bá tẹ̀ lé e ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kó jókòó. Mo ní Dúrójayé kan. Ó ti lé ní 50 ọdún lónìí. Nítorí náà mi ò lè bá ìyá ọkọ rẹ jà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ.

Bí oyún mìíràn bá dé, àwọn àgbàlagbà wà tó mọ bí wọ́n ṣe ń de oyún mọ́ra. Kí wọ́n bá ọ dè é, kí o sì máa lọ sí ọsibítù rẹ pẹ̀lú. Má kàn jẹ́ kí wọ́n là ọ́. Ẹ̀rù abẹ́ ń bà mí.

---

Nọ́ọ̀sìAgbẹ̀bí_Sábó | 7:02 àárọ̀

Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ tí wọ́n bí tó ń ṣàìsàn tó ń kú ni wọ́n ń pè lábíkú, ọ̀pọ̀ wọn sì ni a ti wá mọ̀ pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ SS ló ń pa wọ́n, tàbí ibà. Ti àbúrò wa yìí kò tíì dé àsìkò ìbí. Kò sí ohun tí ọmọ inú náà fi ń bínú sí ẹnikẹ́ni, ibi tó wà ni kò gbà á.

Ní ti oyún dídè, bó bá jẹ́ àdúrà àti aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí nìkan ni, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Àgbo ni mò ń bẹ̀rù. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn èròjà mìíràn sì máa ń jẹ́ kí ilé-ọmọ sún kì. Ohun kejì tí mò ń bẹ̀rù ni ọjọ́ tó ń lọ. Mo ti rí èyí tó dúró ti ẹni tó ń bá a de oyún títí omi fi tú, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni ìrànlọ́wọ́ wúlò.

---

DókítàAboyún_Ọ̀yọ́ | Ọjọ́ Ajé, 8:20 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ìtọ́jú aboyún ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì fọwọ́ kàn yín, ẹ ka èyí bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n.

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là yín.

Inú ilé-ọmọ nìkan ni HSG ń fi hàn. Oògùn tí wọ́n tú sínú rẹ̀ á kún ibi tó bá ṣófo, a ó sì rí apá méjì tó ya síra. Oníwo méjì lè rí bẹ́ẹ̀. Ológiri, èyí tí nọ́ọ̀sì pè ní septate, náà lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Òde ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ìyẹn orí ilé-ọmọ láti ìta. Ti ológiri, orí rẹ̀ á tẹ́ bí ti ẹlòmíràn. Ti oníwo méjì, orí rẹ̀ á tẹ̀ wọnú láàárín ju sẹ̀ńtímítà kan lọ, bí ẹ̀yìn gàárì. Èkísíréè kò lè rí òde yẹn. Síkáànù 3D lè rí i, MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, náà lè rí i.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí? Ìtọ́jú wọn kò bára mu rárá. Oníwo méjì, a kì í sábà fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sọ fún yín, tí wọ́n ń la ikùn tí wọ́n ń rán ìwo méjèèjì pọ̀, wọ́n ń pè é ní Strassmann, ó ti di ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́, torí ó ń fi àpá ńlá sílẹ̀ lára ilé-ọmọ, ibi àpá náà sì lè ya nígbà oyún. Ológiri, bí a bá máa gé ogiri náà, ìsàlẹ̀ la ti ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lẹ́nu, kò sí lílà ikùn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣi oníwo méjì mú fún ológiri, tó wọlé láti ìsàlẹ̀ tó ń gé, ọwọ́ rẹ̀ á yọ sí òde ilé-ọmọ. Ẹ wá rí i pé èkísíréè kan ṣoṣo kò tó gbé ọ̀bẹ lé lórí.

Ní ti ohun tí ìrísí ilé-ọmọ ń ṣe fún oyún, kì í ṣe ọ̀nà kan. Ogiri àárín kò fi bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ bí ara ilé-ọmọ gidi. Oyún tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè má rí oúnjẹ tó, á bọ́ ní kékeré. Nínú oníwo méjì tàbí onídajì, àyè ni kò tó. Ọmọ á dàgbà dé ibì kan, ilé-ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì bí ẹni pé oṣù ti pé, a ó wá bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Bó bá tiẹ̀ pẹ́ nínú, kò rí àyè yípo, á fi ìdí tàbí ẹsẹ̀ síwájú. Àwọn ọmọ mìíràn kì í tóbi tó bó ṣe yẹ. Ọrùn ilé-ọmọ náà sì lè má lágbára, kó máa ṣí láìsí ìrora.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló gbà mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yín. Ẹ ní abẹ́ yín wúwo, inú kò run yín, omi tú. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkọ́kọ́?

Màmá wa ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín: àwa náà ń de oyún. Òwú líle la fi ń rán ọrùn ilé-ọmọ yíká, bí ẹni fa okùn ẹnu àpò. Dókítà Shirodkar ará Íńdíà kọ̀wé nípa tirẹ̀ ní 1955, McDonald ará Australia kọ tirẹ̀ ní 1957, ọdún tí wọ́n ṣí UCH Ìbàdàn gan-an. Ti McDonald la sábà ń ṣe. A máa ń dè é ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, a ó sì tú u ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 37 kí ọmọ lè rọ́nà jáde.

---

ArẹwàTélọ̀_Tákìé | 9:11 alẹ́

Ẹ ṣeun, dókítà wa. Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì wa, àti màmá. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkọ́kọ́. Kò dùn mí. Mo jí láàárọ̀, abẹ́ mi wúwo, nígbà tó di ọ̀sán ó ti bọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

---

BàbáKọ́lá_Àgúnpopo | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 àárọ̀

Ọkùnrin ni mí, mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi nítorí ọkọ àbúrò wa tí kì í sọ̀rọ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ìyàwó mi lóyún oṣù mẹ́rin àbọ̀. A ti ya síkáànù lẹ́ẹ̀mejì ní ibì kan nítòsí ilé wa ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní ọmọ wà, ó ń mí, ẹ máa lọ. Lóru ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní èjìká òun náà ń dùn òun. Mo ní èjìká kẹ̀, ṣé o sùn lé e ni? Mo fún un ní oògùn ara ríro. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ojú rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, kò sì rí ẹ̀jẹ̀ kankan lábẹ́. Inú ló ti ń dà sí.

A gbé e lọ Ìbàdàn. Páìǹtì ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ló gbà. Àwọn àbúrò mi tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni tirẹ̀ bá a mu. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n yàwòrán rẹ̀ fún mi sórí pépà: ìdajì ni ilé-ọmọ ìyàwó mi, ìwo kékeré kan tí kò dàgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì ní ilẹ̀kùn sí ìdajì ńlá náà. Inú ìwo kékeré yẹn ni oyún lọ jókòó sí. Ó dàgbà títí àyè fi tán, ìwo náà bẹ́. Dókítà ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn, pé láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló sábà máa ń bẹ́.

Wọ́n gé ìwo kékeré náà kúrò. A pàdánù ọmọ. Ìyàwó mi yè.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló tún lóyún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà péré la ti lọ ya síkáànù kí wọ́n lè rí i pé inú ilé-ọmọ gan-an ló wà, a sì ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé Kọ́lá jáde ní ọ̀sẹ̀ 36. Ó wà ní Praimárì Kejì báyìí.

Ẹ̀yin ọkọ, bí aya yín tó lóyún bá ní inú ń dun òun tí èjìká náà ń dùn ún, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro. Ẹ wá mọ́tò. Mo sì bẹ yín, ẹ sọ̀rọ̀ nílé. Ìyàwó mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi dun òun ju ojú abẹ lọ.

---

Àbẹ̀kẹ́_Ìlọrin | 6:30 àárọ̀

Ha, Bàbá Kọ́lá. Ọlọ́run ṣeun.

---

Adùnní_IléMéjì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:25 ọ̀sán

Orúkọ tí mo ń lò níbí ti sọ ọ́. Ilé-ọmọ méjì ni mo ní, ọrùn ilé-ọmọ méjì, kíndìnrín kan lápá òsì. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi ni mo tó mọ̀, nígbà tí agbẹ̀bí kan yẹ̀ mí wò tó dákẹ́, tó lọ pe ọ̀gá rẹ̀ wá.

Ọmọ àkọ́kọ́ wá ní ọ̀sẹ̀ 33. Bí ilé-ọmọ ṣe ń sún kì, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ dexamethasone kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè gbó kó tó jáde. Ẹ rántí orúkọ abẹ́rẹ́ yẹn. Ìwádìí kan tí WHO darí jáde ní 2020, Nàìjíríà wà nínú orílẹ̀-èdè márùn-ún tí wọ́n ti ṣe é, ó sì fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń dín ikú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kù, bó bá jẹ́ pé ọsibítù tó lè tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti gún un. Tèmi wọn kílò 1.9 nígbà tí wọ́n bí i. Àyà mi ni mo gbé e sí, ara sí ara, tọ̀sán tòru, ọkọ mi á gbà á bí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ó ti ga jù mí lọ báyìí.

Ìkejì pé ọ̀sẹ̀ 37, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi síwájú, kò ráyè yípo. Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé e. Nílé wa, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn: ọmọ tó fẹsẹ̀ wá sáyé, Ìgè ni. Bàbá ọkọ mi ní ọ̀bẹ ló gbé e, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló fi wá. Ìyá mi ní ẹsẹ̀ ló ti fi síwájú kí ọ̀bẹ tó dé. Ìyá mi ló borí. Ìgè lorúkọ rẹ̀. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń rò ó pé, ta ni yóò kà iye àwọn Ìgè àtijọ́ tó jẹ́ pé irú ilé-ọmọ báyìí ni wọ́n ti wá, tí ìyá wọn kò mọ̀.

Àbúrò, nínú méjèèjì, mi ò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan sí ilé-ọmọ mi. Mímọ̀ tí wọ́n mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ṣọ́ mi, ló gbà mí là.

---

Ṣadé_UnderG | 2:10 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí Adùnní, mo ka nǹkan kan pé obìnrin kan lóyún nínú ilé-ọmọ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé òótọ́ ni?

---

Adùnní_IléMéjì | 3:48 ọ̀sán

Òótọ́ ni, ó ṣọ̀wọ́n gan-an ni. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Alabama, obìnrin kan tó ń jẹ́ Kelsey Hatcher bí ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ 19 oṣù Kejìlá 2023, èkejì jáde lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan láti inú ilé-ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní Bangladesh, ní 2019, Arifa Sultana bí ọmọkùnrin kan tí oṣù rẹ̀ kò pé, ó lọ sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ 26 inú tún ń dùn ún, wọ́n rí ìbejì nínú ilé-ọmọ kejì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè. Kò ya síkáànù kankan kí ó tó bí ti àkọ́kọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù níbẹ̀ nìyẹn, ju ìyanu rẹ̀ lọ.

---

ArẹwàTélọ̀_Tákìé | Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 8:05 alẹ́

Mo ti dé o.

Ọjọ́ Ajé la lọ Ìbàdàn, èmi àti ọkọ mi. Ẹ mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, agogo mẹ́rin òwúrọ̀ la ti jáde. Mo ti fi ohun tí Bàbá Kọ́lá kọ hàn án lóru ọjọ́ tí mo kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jáde sí gbàgede. Nígbà tó wọlé, ó ní òun rò pé bí òun bá sọ̀rọ̀ ọmọ náà, òun á dá egbò mi sílẹ̀ ni. A jọ sunkún. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sùn.

Wọ́n ṣe síkáànù 3D. Obìnrin tó ń ṣe é yí àwòrán náà sí wa, ó fi ìka tọ orí ilé-ọmọ mi láti ọ̀tún dé òsì: ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Kì í ṣe oníwo méjì rárá. Ogiri ni. Ó wá láti òkè, ó dé nǹkan bí ìdajì. Kíndìnrín mi pé méjì. Ìwé tí mo gbé dání tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi fẹ́ la ikùn mi, irọ́ ló pa.

Wọ́n ní a lè gé ogiri náà láti ìsàlẹ̀, a sì lè fi í sílẹ̀ kí wọ́n rán ọrùn ilé-ọmọ nígbà tí oyún bá dé. Wọ́n ní kí n lọ rò ó. Dókítà wa ní Ọ̀yọ́, kí lẹ rí sí i?

---

DókítàAboyún_Ọ̀yọ́ | 10:17 alẹ́

Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Èkísíréè yẹn kò purọ́, ohun tí kò lè rí ni wọ́n ní kó sọ.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún yín bó ṣe wà láàárín àwa dókítà. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi gbà pé kí a gé ogiri ni ó dára jù, torí àwọn obìnrin tí a gé tiwọn ń bímọ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin tí a kò gé tiwọn náà ń bímọ lẹ́yìn náà. Ní 2021 ni àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n pín 80 obìnrin ológiri sí méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé, wọ́n gé ti apá kan, wọn ò gé ti apá kejì. Nínú àwọn tí wọ́n gé tiwọn, 31 nínú 100 ló bímọ láàyè. Nínú àwọn tí wọn kò gé tiwọn, 35 nínú 100. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbá mú. Àwọn kan nínú wa ní 80 kéré jù láti fi dá ẹjọ́, àwọn kan ní kí a dáwọ́ gígé dúró. Gígé náà kì í ṣe ohun ńlá, a sì lè ṣe é kí ẹ sì lọ sílé lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó lè lu ilé-ọmọ, ó sì lè mú kí ara inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra.

Èrò tèmi, ẹ mú un lọ bá àwọn tó rí yín: oyún yín kò bọ́ ní kékeré bí èyí tó lẹ̀ mọ́ ogiri ṣe sábà máa ń ṣe. Oṣù mẹ́rin, oṣù karùn-ún, láìsí ìrora. Ọrùn ilé-ọmọ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí, ogiri tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mò ń tọ́jú yín, màá rán ọrùn náà ní ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 bí oyún bá dé, màá sì máa wọn gígùn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 16 dé 24. Bí ó bá kéré ju mìlímítà 25 lọ, ẹ ò ní sùn sílé mọ́.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí, ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín: ṣúgà, tàírọ́ìdì, àti èyí tí wọ́n ń pè ní antiphospholipid, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ibi ọmọ. Ẹni tó ní ogiri lè ní ìyẹn náà. Mo ti rí i tí wọ́n di gbogbo ẹrù lé ìrísí ilé-ọmọ lórí, tí wọ́n sì fi ohun tó rọrùn láti tọ́jú sílẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sìAgbẹ̀bí_Sábó | 10:40 alẹ́

Mo fara mọ́ dókítà. Àti pé, àbúrò mi, bí oyún bá dé, má dúró di oṣù kẹrin kí o tó forúkọ sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe nílùú wa yìí torí ojú ayé. Ọ̀sẹ̀ tí o bá ti mọ̀ ni kí o lọ. Kí ìwé síkáànù 3D yẹn wà nínú báàgì rẹ nígbà gbogbo, kí ọkọ rẹ ní àwòrán rẹ̀ lórí fóònù. Agbẹ̀bí tó bá gbà ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan kò ní mọ ìtàn rẹ.

---

ArẹwàTélọ̀_Tákìé | 11:20 alẹ́

Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣe, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ mi á wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni màá lọ. Mo ti sọ fún ìyá ọkọ mi pé ogiri ni, mo fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n bi mí pé ṣé láti inú ìyá mi ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Nígbà náà, kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ." Wọ́n sì lọ gbé oúnjẹ wá fún mi.

---

ÌyáÀgbà_Ìsàlẹ̀Afọ́n | Ọjọ́bọ̀, 6:03 àárọ̀

Ọmọ mi, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Oyún dídè tí dókítà sọ yẹn, inú mi dùn sí i. Jẹ́ kí wọ́n fi òwú tiwọn dè é.

O ò ní dá lọ. Mo ti ní kó fi nọ́ńbà fóònù wa ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó máa gbé mi dé Tákìé. Àdìrẹ ni màá wọ̀, gèlè mi á funfun. Bí wọ́n bá ní kí o má jẹun kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀, má jẹun. Màá di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ dání, o ó jẹ ẹ́ bí wọ́n bá ti fà á tán.